Bí Àbúrò Mi Ṣe Di Olùkọ́ Òkìtì

Àbúrò mi obìnrin ti pé ọmọ ọdún méjìlélógójì kó tó yí gbirigbiri fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, èmi ni mo máa ń gun igi. Òun ni í máa ń dúró nísàlẹ̀, tí yóò máa bẹ̀ mí pé kí n sọ̀ kalẹ̀ kí ìyá wa tó dé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà náà pé òun ni yóò di olùkọ́ òkìtì nínú àwa méjèèjì, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ á fi máa dùn mí.

Iṣẹ́ ọsibítù ló ń ṣe. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ni ẹni tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń pè bí aláìsàn bá ní láti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí àga, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà degbò. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti lò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin. Kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n mo ti fojú ara mi rí i tó gbé ọkùnrin gbàǹgbà kan kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ọ̀gbẹ́ni náà ń bá ìròyìn orí rédíò lọ bí ẹni pé wọn kò gbé e. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára, pé ibi tí èèyàn bá fọwọ́ sí ni. "Gbogbo ara ló ní èèkù," ni í máa ń wí. "Ẹni tó bá mọ èèkù kò ní í ju ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ òkìtì yìí. Tíńtín la máa ń pè é, nítorí bó ṣe kéré nígbà tí wọ́n bí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà, kò sì lè jókòó jẹ́ẹ́. Ó ta òkìtì lórí àga pálọ̀ títí ẹsẹ̀ àga kan fi kán, ó fi ọwọ́ rìn láti yàrá dé ilé ìdáná, ó so rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ fíríìjì títún ṣe ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù já, ó gbé e ti ògiri, ó ní, "Ẹ wá ibi tí ọmọ yìí á ti máa ta òkìtì rẹ̀ kó tó wó ilé lé wa lórí."

Bí wọ́n ṣe mú un lọ sí gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré tí ìwé ara ilẹ̀kùn ń pè ní jimunásíìkì, tí gbogbo wa ń pè ní òkìtì títa. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń ṣe é, pẹ̀lú àárọ̀ Sátidé. Gbọ̀ngàn náà ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ àti rọ́bà. Máàtì búlúù tẹ́ láti ògiri dé ògiri, wọ́n sì fi téèpù lẹ ibi tó bá ti ya. Irin ìsorọ̀ méjì wà ní igun kan. Láàárín gbọ̀ngàn ni pákó tóóró kan wà, ó ga dé ìbàdí àgbà, àwọn ọmọ a sì máa rìn lórí rẹ̀ bí ológbò tó ń rìn lórí odi.

Olùkọ́ ibẹ̀ jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan. Ọ̀gá Rọra ni àwọn ọmọ ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ti gbéra. Wọ́n ní bó bá fẹ́ mu omi, á kọ́kọ́ sọ fún kọ́ọ̀bù pé kó rọra.

Àwọn òbí máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn yòókù ń wo fóònù. Àbúrò mi ń wo ọwọ́ Ọ̀gá Rọra, bó ṣe ń gbé e sí ara ọmọ àti bó ṣe ń gbé e kúrò. Ọdún kan àbọ̀ ló fi wò ó bẹ́ẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń kẹ́kọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bàbá náà dé pẹ̀lú apá tí wọ́n fi aṣọ gbé kọ́ ọrùn. Èjìká rẹ̀ tó ti ń dùn ún tipẹ́ ló kọ̀ fún un pátápátá lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀dọ́bìnrin tó máa ń ràn án lọ́wọ́ sì ti lọ́kọ, ó ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Ó wá dúró níwájú bẹ́ǹṣì.

"Ẹ̀yin òbí, ẹ má bínú," ló wí. "Mi ò lè di ọmọ kankan mú lónìí. Bí mi ò bá sì lè dì wọ́n mú, mi ò lè ní kí wọ́n gbéra. Àfi bí ẹnì kan nínú yín bá lè yá mi ní ọwọ́ méjì."

Gbogbo orí tẹ̀ ba sórí fóònù bí ẹni pé ìpè kan náà ló wọlé fún gbogbo wọn. Tíńtín, tí ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn, sọ láti orí máàtì pé, "Màmá mi máa ń gbé àwọn bàbá ńláńlá lójoojúmọ́."

Àbúrò mi ní ojú ló ti òun tí òun fi dìde, kí ọmọ náà má baà sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá Rọra ní kó bọ́ bàtà. Ihò wà lára ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ síta níwájú gbogbo àwọn ìyá yẹn.

"Ọwọ́ kan síbí," ni bàbá náà wí, ó nàka sí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ọmọ kan. "Ìkejì sí ẹ̀yìn itan. Bó bá ń yí lọ, ẹ bá a lọ. Ẹ má tì í, ẹ má sì fà á."

"Mo mọ ibí yìí, sà. Ibẹ̀ náà la máa ń dì mú bí a bá ń gbé èèyàn bọ́ sórí àga."

"Irú èèyàn wo? Tó tóbi tó kí ni?"

"Tó tó yín, sà. Àwọn mìíràn tó yín lọ́nà méjì."

Bàbá náà wò ó díẹ̀. "Ó dáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀."

Ọmọ mẹ́rìndínlógún ló gba ọwọ́ àbúrò mi kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò sì sí èyí tó forí gbálẹ̀ nínú wọn. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, Ọ̀gá Rọra kò yìn ín, kò tilẹ̀ dúpẹ́. "Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin," ló sọ. "Kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ mìíràn wá."

Ó lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ó lọ ní Sátidé. Ó bẹ ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì pé kó jẹ́ kí òun máa ṣiṣẹ́ àárọ̀ nìkan, ìyẹn náà sì gbà nígbà tó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Èjìká bàbá náà san, kò sì sọ fún un pé kó má wá mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni pé ó fi "ẹ" sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "ìwọ" bí ẹni ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àbúrò mi sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ó sì dùn mọ́ ọn ju bí ẹni pé wọ́n fi í joyè lọ.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó eré náà kọ̀wé sí gbogbo gbọ̀ngàn pé láti ọdún tó ń bọ̀, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ mọ́. Ẹ̀kọ́ òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni, ìdánwò ló sì gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀gá Rọra ti kọ orúkọ àbúrò mi sínú fọ́ọ̀mù kó tó fi hàn án.

"Mi ò ta òkìtì rí láyé mi, sà."

"Wọ́n á ní kí o yí síwájú, kí o yí sẹ́yìn, kí o sì fi ọwọ́ dúró lára ògiri. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ̀."

"Rọra," ni bàbá wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọkọ rẹ̀ gbé tábìlì kúrò ní pálọ̀, ó tẹ́ fóòmù bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó sì fa aṣọ fèrèsé. Tíńtín di olùkọ́. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Àbúrò mi wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó tún lọ wo aṣọ fèrèsé bóyá ó pàdé dáadáa.

"Màmá, ẹ fi àgbọ̀n kan àyà," ni Tíńtín ń wí. "Kì í ṣe báyẹn. Ẹ ń ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́."

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mo bí ẹ."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ ká ẹ̀yìn."

Ọjọ́ kẹsàn-án ló tó yí, tó sì dìde láìdi nǹkankan mú. Èmi ló kọ́kọ́ pè. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti yí o." Mo rò pé ọkọ̀ ló yí i dànù. Mo ní, "Níbo? Ṣé o ṣèṣe?" Ó ní, "Ní pálọ̀. Rárá o. Mo tún fẹ́ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ní ibi ẹ̀kọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́ tó ti ń ta òkìtì láti kékeré ló pọ̀ jù. Ọ̀kan nínú wọn rò pé ó mú ọmọ wá forúkọ sílẹ̀ ni, ó sì júwe ọ́fíìsì fún un. Ṣùgbọ́n ó ṣe gbogbo rẹ̀ parí. Ó yege nínú ìdánwò inú ìwé. Ó yí síwájú, ó yí sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́ díẹ̀. Ó fi ọwọ́ dúró lára ògiri títí kọ́kọ́rọ́ ilé fi jábọ́ nínú àpò rẹ̀. Èyí tó kù ni pé kó kọ́ ọmọ kan tí kò mọ̀ rí ní bí wọ́n ṣe ń rìn lórí pákó tóóró, kí obìnrin tó ń ṣe ìdánwò fún wọn máa wò ó. Nígbà tó parí, obìnrin náà pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọwọ́ yín dára," ló sọ. "Mi ò tíì rí ọwọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n ẹ kò jọ̀wọ́ ọmọ náà rárá. Ó ti lè dá a rìn láti ìgbà kẹta, ẹ ṣì ń gbé e."

"Kó má baà ṣubú ni, mà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n à ń dì wọ́n mú ká lè fi wọ́n sílẹ̀ ni. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."

Ilé mi ló kọ́kọ́ dé lọ́jọ́ náà, kó tó dé ilé tirẹ̀. Ó jókòó sí ilé ìdáná mi pẹ̀lú báàgì lórí itan, kò sì bọ́ bàtà. Mo rò pé ìtìjú ìdánwò ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun kan tí kò sọ fún mi rí. Ó ní ní ọdún kẹta tí òun dé ọsibítù, bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù tó ti ń gbádùn, tí wọ́n ti ń sọ pé yóò lọ sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá náà ní, "Jọ̀wọ́ mi, kí n dá rìn dé fèrèsé." Òun sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni bàbá náà rìn kó tó ṣubú. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló ṣẹ́, kò sì padà sílé mọ́.

"Wọ́n ò bá mi wí," ló sọ. "Gbogbo wọn ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò tíì jọ̀wọ́ ẹnikẹ́ni."

Mo bu tíì fún un, mo bù ú jù, ó dà sórí tábìlì, àwa méjèèjì sì jọ nù ún. Lẹ́yìn náà ló tó bọ́ bàtà.

Mi ò mọ ohun tó sọ fún Ọ̀gá Rọra. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, bàbá náà fa ọmọ kan lé e lọ́wọ́, ó ní ọmọ náà nìkan ni kó mójú tó. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Dìmímú, nítorí bí wọ́n bá ti gbé e sórí pákó, ohun tó máa ń wí náà ni pé, "Ẹ dì mí mú, ẹ dì mí mú." Ọmọ tó ń bẹ̀rù àtijábọ́ àti àgbà tó ń bẹ̀rù àtijọ̀wọ́. Ìgbín fà, ìkarahun tẹ̀ lé e.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó wá fi ọwọ́ kan. Ó fi ìka méjì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan aṣọ rẹ̀ lásán. Nígbà tó yá, ó kàn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, tó na ọwọ́ síta láìfi kan ọmọ náà. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó ká ọwọ́ náà sẹ́yìn. Dìmímú rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ pákó dé òpin, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ sì gbá etí pákó. Ètè rẹ̀ bẹ́.

Àbúrò mi fọ ojú rẹ̀, ó fi yìnyín sí i, ó wo eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìyá ọmọ náà dé láti báǹkì tó ti ń ṣiṣẹ́, kò pariwo. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé ẹ dì í mú nígbà tó ṣubú?"

"Rárá, mà. Mo dúró tì í ni. Mo ti jọ̀wọ́ rẹ̀."

"Ẹ ti jọ̀wọ́ rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó lè sọ pé ọmọ náà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ì bá já a nírọ́. Ìyá náà mú ọmọ rẹ̀, ó sì lọ. Àbúrò mi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnujú tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀. Ọ̀gá Rọra sún mọ́ ọn.

"Ó dé òpin pákó kó tó ṣubú, àbí kò dé ibẹ̀?"

"Ó débẹ̀, sà."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan."

"Tóò," ni bàbá wí, ó sì lọ ká máàtì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Dìmímú kò fi wá. Ní gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn bá dún, àbúrò mi á wẹ̀yìn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn dún, ìyá náà wọlé, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

"Ó ń rìn lórí ẹ̀yìn àga mi," ló sọ. "Ó ń rìn lórí etí ibi tí a ti ń wẹ̀. Lánàá, orí odi aládùúgbò ni mo ti bá a. Tó bá jẹ́ pé yóò ṣubú náà ni, ó sàn kó máa ṣubú lọ́dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n èmi náà á máa jókòó wò ó."

Ó sì jókòó lóòótọ́, pẹ̀lú báàgì lórí itan, títí tí ọdún ẹ̀kọ́ náà fi parí. Ọmọ náà ń fi àpá kékeré tó wà ní ètè rẹ̀ han gbogbo èèyàn bí ẹni gba ẹ̀bùn. Nígbà tí àbúrò mi gbé e sórí pákó, ó ní, "Ẹ má dì mí mú o." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò torí ìyẹn yí orúkọ rẹ̀ padà.

Obìnrin tó ṣe ìdánwò fún àbúrò mi níjọ́sí ló tún ṣe é fún un lẹ́ẹ̀kejì. Àbúrò mi di ọmọ tí wọ́n fún un níbẹ̀ mú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ó sọ fún mi pé ṣe lòun fi ọwọ́ ọ̀tún di ti òsì mú gírígírí níbẹ̀, kó má baà sá jáde. Obìnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé, ó sì mi orí pé ó dáa. Ìwé ẹ̀rí dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ọkọ rẹ̀ sì kàn án mọ́ ògiri pálọ̀ kó tó jẹun ọ̀sán.

Àwọn ọmọ kéékèèké tó ń wá ní àárọ̀ Sátidé ni Ọ̀gá Rọra fi ṣe kíláàsì àbúrò mi. Mọ́kànlá ni wọ́n, ọlọ́dún mẹ́rin àti ọlọ́dún márùn-ún. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá náà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn òbí, ó ká apá mọ́ra. Àbúrò mi ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n máa ṣe sínú ìwé, iṣẹ́ wákàtí kan gbáko. Gbogbo rẹ̀ ló tán ní ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ọmọ kan ń sunkún pé òun fẹ́ lọ sílé. Ọ̀kan tọ̀ sórí máàtì. Àwọn ìbejì kan di ara wọn mú, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni yà wọ́n. Ọ̀kan dùbúlẹ̀, ó sùn lọ.

Ó wo bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá Rọra ń wo àjà.

Ni àbúrò mi bá kúnlẹ̀, ó fi àgbọ̀n kan àyà, ó yí gbirigbiri.

"Olùkọ́ ti ṣubú," ni ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wí.

"Mi ò ṣubú. Mo yí ni. Ta ló lè yí bíi tèmi?"

Gbogbo wọn ló lè yí, lójú tiwọn. Wọ́n yí sí ọ̀tún, wọ́n yí sí òsì, wọ́n yí lu ara wọn. Ẹni tó ń sùn nìkan ni kò yí.

Ó ti tó ọdún méjì báyìí. Ó ṣì ń lọ sí wọ́ọ̀dù láràárọ̀, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ tó wà ní kíláàsì rẹ̀ ti lé ní ogún. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni Ọ̀gá Rọra ń wá báyìí. Ní ti Tíńtín, ó ní òkìtì ti sú òun, eré sísá lòun fẹ́. Bàbá rẹ̀ ní kò burú, ó kéré tán ìta ni wọ́n ti ń sá ìyẹn.

Lóṣù tó kọjá, mo mú ọmọ tèmi tó kéré jù lọ síbẹ̀. Bó ṣe wọlé, ó sáré lọ dì mọ́ àbúrò mi nídìí, ó ń pè é ní àǹtí. Àbúrò mi pa á lórí rẹ́rẹ́.

"Inú ilé ni àǹtí wà," ló sọ fún un. "Ìlà nìyẹn. Ẹ̀yìn ni kí o lọ."

Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má juwọ́ sí i. Ẹ ń dà á láàmú."

Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì bíi tàwọn yòókù, mo kó ọwọ́ mi sáàárín itan. Nígbà tó kan ọmọ mi, ó kúnlẹ̀, ó rò ó díẹ̀, ó sì yí. Ó wọ́ bí ọ̀nà oko. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó sì tún sáré lọ sẹ́yìn ìlà.